Àtíkè Ìyàwó

"Moyọ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan páálí yìí títí di Sátidé. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, Mádáàmù."

Bí Mádáàmù Zuweira ṣe wí nìyẹn kó tó gbé báàgì rẹ̀, tó lọ ra irun ìpéǹpéjú àtọwọ́dá ní òdìkejì títì Lapaz, ní Accra. Àtíkè olówó ńlá ló wà nínú páálí náà. Paris ni ẹ̀gbọ́n Afeefah, ìyàwó tí wọ́n fẹ́ ṣe lóge ní Sátidé, ti fi ránṣẹ́. Wọ́n ní ẹni tó bá kùn ún, ojú rẹ̀ á máa tàn bí ẹni pé iná wà lábẹ́ awọ. Moyọ̀sọ́rẹ, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún tó ń kọ́ iṣẹ́ ìṣaralóge nígbà ìsinmi ilé-ìwé, kò rí irú rẹ̀ rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i sí Alajo.

Ọwọ́ tó dilẹ̀ ni èṣù ń bẹ̀ níṣẹ́. Mádáàmù kò tíì rékọjá títì tí ọmọbìnrin yìí ti ṣí páálí. Ike aláwọ̀ wúrà ló bá níbẹ̀, pẹ̀lú dígí kékeré lábẹ́ ìdérí. Wọ́n tẹ òdòdó kan sójú àtíkè náà, ó rẹwà débi pé Moyọ̀ kọ́kọ́ pa ike náà dé. Ó tún un ṣí.

"Ẹ̀ẹ̀kan péré," ó sọ fún ara rẹ̀.

Ó mú búrọ́ọ̀ṣì, ó fi ra ojú òdòdó náà, ó kùn ún sí ẹ̀rẹ̀kẹ́. Kò rí nǹkan kan, nítorí iná ṣọ́ọ̀bù náà kò mọ́lẹ̀ tó. Ó bá fi kún un. Ó kùn ún síwájú orí, sórí imú, sí ọrùn títí dé egungun èjìká, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe fún àwọn ìyàwó. Nígbà tó máa wo ike náà padà, òdòdó ti parẹ́. Ó dé e, ó dá a padà sínú páálí, ó ń gbàdúrà kí Mádáàmù má ṣí i. Kò pẹ́ tí fóònù dún: kó ti ṣọ́ọ̀bù, kó máa lọ sílé, Mádáàmù á pẹ́.

Nínú trotro, ọkọ̀ èrò tó wọ̀ lọ sílé, oòrùn ìrọ̀lẹ́ gba ojú fèrèsé wọlé, ojú Moyọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í dán. Ìyá kan tó gbé agbọ̀n tòmátì lé ẹsẹ̀ wò ó, ó pàtẹ́wọ́.

"Me ba, woadi bem!"

Ohun tó ń sọ lédè Twi ni pé ọmọ òun ti jàre ẹjọ́. Gbogbo ará Accra ló mọ̀ pé ẹni tó bá jàre, tàbí tó yege ìdánwò, àtíkè funfun ni àwọn èèyàn rẹ̀ máa ń dà sí i lójú àti lọ́rùn, kí aráyé lè bá a yọ̀. Moyọ̀ náà mọ̀ ọ́n. Ẹ̀rín ló rín. Ó yẹ kó nu ojú rẹ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ dùn jù pé àwọn èèyàn ń wo òun.

Bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ wà nílẹ̀ nílé. Kókó, ìyẹn ẹ̀kọ mímu, ni Adéníkẹ́, ìyá Moyọ̀, máa ń sè tà láràárọ̀ nínú àgbàlá tí àwọn ayálégbé jọ ń lò. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, Ekow, ọmọ ọdún méjì tí Abena aládùúgbò wọn bí, fa ìkòkò kókó gbígbóná sára. Ọsibítù ló wà títí di òní. Abena ní ṣe ni Adéníkẹ́ gbé ìkòkò sójú ọ̀nà. Naa Dede, onílé wọn, ní òun máa dá ẹjọ́ náà ní ọjọ́ Sọ́ńdè, tí kálukú bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. Moyọ̀ kò mọ̀ pé wọ́n ti mú un wá sí ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú yẹn, nítorí ara Abena kò gbà á mọ́.

Naa Dede ti dájọ́ tán. Inú ilé ìdáná tó wà nínú àgbàlá ni ìkòkò wà, ọmọ ló lọ bá a níbẹ̀, Adéníkẹ́ kò jẹ̀bi.

"Ṣùgbọ́n ọmọ ṣì wà lórí bẹ́ẹ̀dì," ni ìyá àgbà náà wí. "Kí ẹnikẹ́ni má yọ̀. Ẹni tó bá yọ̀ á kó jáde nílé mi."

Adéníkẹ́ kò tilẹ̀ ronú ayọ̀. Ó kúnlẹ̀ síwájú Abena, ó ń bá a kẹ́dùn, Abena náà sì ti gbé orí lé e léjìká, ó ń sunkún. Ìgbà yẹn gan-an ni Moyọ̀ ṣí géètì.

Oòrùn kọjú sí ọmọbìnrin náà, ojú rẹ̀ ń kọ mànà, ọrùn rẹ̀ ń kọ mànà. Abena gbórí sókè, ó sì ti Adéníkẹ́ kúrò lára.

"Maame Moyọ̀, ẹ ti pèsè àtíkè sílẹ̀! Awọ ọmọ tèmi ń bó ní ọsibítù, ọmọ tiyín ń yan wọlé pẹ̀lú àtíkè ìjàre!"

"Rárá o!" Adéníkẹ́ figbe ta. "Moyọ̀, kí lo kùn sójú?"

Moyọ̀ fi àtẹ́lẹwọ́ nu ojú. Àtíkè náà kò kúrò, ṣe ló ń ràn, ó dé apá, ó dé ara aṣọ. Bó bá ní ti ìyàwó ni, olè ni wọ́n máa pè é, iṣẹ́ á sì bọ́. Ó wá irọ́ kékeré kan tí kò lè pa ẹnikẹ́ni lára.

"Màmi, àtíkè ooru lásán ni. Ooru ló mú mi."

Háà, ẹyin lohùn! Àtíkè ooru inú agolo yẹn gan-an ni wọ́n máa ń dà sí ẹni tó jàre lára. Moyọ̀ ti fi ẹnu ara rẹ̀ gba ẹ̀sùn.

Naa Dede dìde. "Mo ti sọ̀rọ̀ mi. Kí oṣù yìí tó parí, ẹ kó jáde."

Adéníkẹ́ bẹ̀bẹ̀ títí, ó dojú bolẹ̀. Moyọ̀ dúró ń wò ó, kò lè ṣe nǹkan kan. Omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó jẹ́wọ́ fún Mádáàmù Zuweira. Mádáàmù ṣí ike, ó wo ibi tí òdòdó wà tẹ́lẹ̀, ó jókòó sórí àpótí.

"Wallahi, Moyọ̀, kí ni mo fẹ́ wí fún Afeefah?"

Síbẹ̀ èèyàn rere ni. Ó gbé páálí náà, ó tẹ̀ lé e dé Alajo, wọ́n sì ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún Naa Dede. Naa Dede fi ìka kan àtíkè náà, ó fi ra ẹ̀yìn ọwọ́, ọwọ́ sì tàn. Ó mi orí.

"Mo gbà ọ́ gbọ́, ọmọ mi."

Moyọ̀ rò pé ó ti parí. Ṣùgbọ́n Abena wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀, ó gbé abọ́ oúnjẹ ọsibítù dání.

"Moyọ̀ wo ni kí n gbà gbọ́?" ó bi í. "Lánàá, àtíkè ooru ni. Lónìí, ti ìyàwó ni. Kí ló máa jẹ́ lọ́la?"

Naa Dede mí kanlẹ̀. "Adéníkẹ́, mo mọ̀ pé ọmọ rẹ kò yọ̀. Àmọ́ n kò lè ní kí obìnrin yìí máa rí i láràárọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa lọ." Lẹ́nu géètì, Mádáàmù náà ní kí Moyọ̀ má wá sí ṣọ́ọ̀bù mọ́.

Ìbátan wọn kan ní Sabon Zongo fún wọn ní yàrá kan. Ọjọ́ tí wọ́n ń kó ẹrù jáde ni Abena gbé Ekow dé láti ọsibítù, báńdéèjì lọ́wọ́ méjèèjì. Bí ọmọ náà ṣe rí Moyọ̀, ó nawọ́ sí i.

"Moyọ̀, kókó!"

Moyọ̀ gbé ẹsẹ̀ kan síwájú. Abena gbá ọmọ rẹ̀ mọ́ra, ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn.

Ìgbà tí wọ́n dé ojú títì ni ìyá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀rọ̀.

"Ká ní o sọ òótọ́ lọ́jọ́ yẹn, olè ni wọn ì bá pè ọ́. Mo lè kúnlẹ̀ bẹ̀bẹ̀ fún ọmọ tó jalè. Èyí tí wọ́n ní ó fi ọmọ tó jóná ṣẹ̀sín, ẹnu wo ni mo fẹ́ fi bẹ̀bẹ̀ fún un?"

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ka ìtàn yìí, ojúkòkòrò ló mú Moyọ̀ ṣí ohun tí kì í ṣe tirẹ̀, irọ́ kan ṣoṣo ló sì lé ìyá rẹ̀ kúrò nílé tó ti ń gbé fún ọdún méjìdínlógún. Ó padà sọ òótọ́ o, Naa Dede sì gbà á gbọ́, ṣùgbọ́n ẹrù ti wà lórí ìyá rẹ̀. Ẹni tó bá ṣẹ̀, kó yára jẹ́wọ́ lójú ẹsẹ̀, kí ẹlòmíràn má baà ru ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀.