Ọ̀gá Tó Nu Ọwọ́ Ẹ̀jẹ̀ Sí Òkú Lára

Ọkùnrin kan wà tó jẹ́ ọ̀gá àgbà ní iléeṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ọṣẹ. Àwọn òṣìṣẹ́ fún un lórúkọ kan tí wọn kì í pè lójú rẹ̀: Ó-tọ́-sí-mi. Kò sí ohun tí ẹnu ọkùnrin náà mọ̀ ọ́n sọ tó gbólóhùn yẹn. Ọkọ̀ tuntun dé, ó tọ́ sí i. Wọ́n kọ́ ilé fún un lórí òkè níbi tí atẹ́gùn ti dára, ó tọ́ sí i. Owó tó ń gbà lóṣù kan, ẹni tó ń po ọṣẹ nísàlẹ̀ yóò ṣiṣẹ́ títí irun orí rẹ̀ yóò fi funfun kó tó rí i. Ìyẹn náà tọ́ sí i.

Kí a má purọ́ mọ́ ọn, kì í ṣe ọ̀lẹ. Òun ló máa ń kọ́kọ́ dé ibi iṣẹ́. Nígbà tí iléeṣẹ́ náà fẹ́ dojú dé, òun ló gbé e dúró. Bí ẹnikẹ́ni bá sì béèrè bóyá owó rẹ̀ kò pọ̀ jù, ó ní èsì kan tó máa ń pa onítọ̀hún lẹ́nu mọ́.

"Ọwọ́ epo làráyé ń báni lá, wọn kì í báni lá ọwọ́ ẹ̀jẹ̀," ni yóò wí. "Lọ́jọ́ tí nǹkan bá bàjẹ́ níbí, ta ni wọn yóò mú? Èmi ni. Owó ẹ̀jẹ̀ ọjọ́ yẹn ni mo ń gbà sílẹ̀."

Ọ̀rọ̀ ńlá ló ń sọ, Ọlọ́run sì ń gbọ́ ọ.

Àwọn táǹkì gìrìwò wà ní iléeṣẹ́ náà tí wọ́n fi ń se ọ̀rá. Bí wọ́n bá sè é tán, ẹnì kan á wọ inú táǹkì lọ láti ha ohun tó lẹ̀ mọ́ ọn lára kúrò. Atẹ́gùn inú ibẹ̀ kò dára, ó lè gba ẹ̀mí èèyàn wẹ́rẹ́. Nítorí náà, láti ìgbà ìwáṣẹ̀ iléeṣẹ́ náà, méjì-méjì ni wọ́n ń ṣe iṣẹ́ yìí. Ẹni tó wọlé á so okùn mọ́ ìbàdí. Ẹnì kejì á jókòó sẹ́nu táǹkì, á di okùn náà mú. Ẹni inú á máa fi irin ọwọ́ rẹ̀ lu ara táǹkì: kó, kó. Ìyẹn ni pé, mo wà. Ẹni ìta á lù ú padà pé, mo ń gbọ́ ọ. Bí ẹni inú bá dákẹ́, tàbí tó bá ń lù ú léraléra, ẹni ìta á fa okùn, á sì figbe ta.

Ó-tọ́-sí-mi rí àwọn tó ń di okùn mú, ó pòṣé. "Ajókòó-gbowó ni gbogbo wọn," ó wí. Àwọn tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín, torí pé ẹni tó ń ṣẹ̀fẹ̀ ni ọ̀gá wọn. Kí oṣù yẹn tó parí, ó ti lé gbogbo àwọn adokùnmú kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Èrè iléeṣẹ́ gòkè. Bí àdéhùn rẹ̀ sì ti rí, bí èrè bá ti gòkè, owó tirẹ̀ náà á gòkè sí i.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tí gbogbo iléeṣẹ́ mọ̀ sí Bàbá Ìbejì dá wọ táǹkì. Ó ti bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n fún òun lẹ́nì kan tí yóò jókòó sẹ́nu táǹkì. Wọ́n ní bí kò bá fẹ́ iṣẹ́ mọ́, kó máa lọ sílé.

Àárọ̀ yẹn gan-an ni ọ̀gá àgbà ń mú àwọn àlejò pàtàkì yí iléeṣẹ́ ká. Bí wọ́n ti dé ẹ̀gbẹ́ táǹkì náà, wọ́n gbọ́ ìró. Kó, kó. Ó dákẹ́ díẹ̀. Kó, kó. Lẹ́yìn náà ó wá ń yára, kó-kó-kó-kó-kó. Ọ̀kan nínú àwọn àlejò béèrè pé kí nìyẹn.

Ọ̀gá àgbà rẹ́rìn-ín músẹ́. "Iṣẹ́ ni," ó fèsì. "Níbí, a kì í fi iṣẹ́ ṣeré."

Wọ́n kọjá lọ mu tíì. Nígbà tí wọ́n fi máa rí Bàbá Ìbejì, ara rẹ̀ ti tutù.

Ẹ̀jẹ̀ dé. Ọjọ́ tí ọ̀gá àgbà ti ń gbowó rẹ̀ sílẹ̀ dé. Kí ló wá ṣe? Ó ní kí wọ́n kéde pé olóríkunkun ni olóògbé náà, pé ńṣe ló wọ táǹkì láìgbàṣẹ. Nítorí èyí, wọn kò fún ìyàwó rẹ̀ ní kọ́bọ̀. Nílé ìwé, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ àwọn ìbejì ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé àìgbọràn ló pa bàbá wọn.

Láti ìgbà náà ni ìró yẹn ti bá ọ̀gá àgbà délé. Bí ìyàwó rẹ̀ bá ń ro ọbẹ̀, tó gbá ìgbakọ mọ́ etí ìkòkò, ọ̀gá àgbà á dìde fùú. Bí òjò bá ń kán sórí páànù, á fi ìrọ̀rí bo etí. Ó lọ sọ́dọ̀ dókítà, wọ́n yẹ etí rẹ̀ wò, wọ́n ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ó ra ọtí olówó gọbọi, ọtí náà kò gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Ó tilẹ̀ kó kúrò nínú yàrá rẹ̀ lọ sí òmíràn, àfi bí ẹni pé ìró náà ti ṣáájú rẹ̀ débẹ̀. Ẹ̀rù ń bà á. Ọkùnrin tó ń pàṣẹ fún ọgọ́rọ̀ èèyàn kò lè dá wọ ilé ìwẹ̀ mọ́.

"Dádì, ta lẹ ń dá lóhùn?" ìyàwó rẹ̀ bi í lọ́jọ́ kan. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ó ń fi ìka lu tábìlì: kó, kó.

Ọ̀gá àgbà ní ọ̀rẹ́ kan láti kékeré, onígbàjámọ̀ ni. Ọkùnrin yìí fẹ́ràn Jésù, ó sì fẹ́ràn àwàdà. Òun ló ń wá gẹ irun ọ̀rẹ́ rẹ̀ nílé. Bó ti gẹ irun náà dé ìdajì lọ́jọ́ kan, ó gbọn kóòmù rẹ̀ mọ́ apá àga kí irun inú rẹ̀ lè dànù. Ọ̀gá àgbà fò sókè, ó lọgun.

"Háà! Kí ló dé? Díẹ̀ ló kù kí n gé ẹ létí!"

"Kò sí nǹkan."

"Kò sí nǹkan kẹ̀? Bí ò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Jókòó, kí o sọ fún mi."

Ọ̀gá àgbà jókòó. "Mo gbọ́ ọ," ó wí.

"Kí lo gbọ́?"

"Nígbà tí Bàbá Ìbejì ń lu táǹkì. Mo mọ̀ pé ìró yẹn ò dáa. Àwọn àlejò ń wò mí, mi ò fẹ́ kójú tì mí. Mo ní iṣẹ́ ni." Ó di ọwọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ mú. "Ṣé o ò ní sọ fún mi pé kì í ṣe ẹ̀bi mi ni?"

"Ẹ̀bi ẹ ni," ọ̀rẹ́ rẹ̀ wí. Kò ṣàwàdà mọ́. "Ìwọ lo máa ń sọ pé owó ẹ̀jẹ̀ lò ń gbà. Epo dé, o dá a lá. Ẹ̀jẹ̀ dé, o nu ún sí òkú lára, ẹni tí ò lè fọhùn."

"Ta ni yóò bá mi lá a?"

"Ẹnì kan ṣoṣo ni mo mọ̀. Ọ̀gá lòun náà, ọ̀gá tó ju gbogbo ọ̀gá lọ. Kò jẹ̀bi ohunkóhun, àmọ́ ó fi ìtẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó gba ẹ̀bi wa sára, wọ́n sì kàn án mọ́ igi. Ìwọ gbé ẹ̀bi ẹ fún aláìṣẹ̀. Jésù aláìṣẹ̀ ló gbé ẹ̀bi ẹ."

Àṣà kì í tètè fini sílẹ̀. Ọ̀gá àgbà nu ojú, ó béèrè iye tí òun lè fún ìjọ.

Onígbàjámọ̀ mi orí. "Ọ̀rẹ́ mi, ìdájọ́ nìkan ló tọ́ sí ẹ níbí. Ìdáríjì yìí, bí alágbe ni wàá ṣe gbà á. Kò sì sẹ́ni tó gbà á tán tó tún lè fi irọ́ bo òkú. Ìrònúpìwàdà tí ò bá dé ilé Ìyá Ìbejì, ilẹ̀ yìí ló máa wà pẹ̀lú irun tí mo máa gbá dànù."

Báyìí ni ọ̀gá àgbà ṣe kúnlẹ̀ tòun ti aṣọ onígbàjámọ̀ lọ́rùn, ìdajì orí rẹ̀ gígẹ̀, ìdajì kò gẹ̀. Ó sunkún bí ọmọdé, ó sì ké pe Jésù.

Kò pẹ́ sí ìgbà náà ni àwọn tó ní ìpín nínú iléeṣẹ́ ṣe ìpàdé ọdọọdún. Wọ́n fẹ́ fi owó kún owó ọ̀gá àgbà. Bàbá arúgbó kan, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, dìde, ó ní òun kàn fẹ́ mọ̀ bóyá irú owó báyìí tọ́ sí ẹnì kan. Àwọn èèyàn kùn. Alága ṣẹ́jú sí ọ̀gá àgbà pé kó fún un lésì tó mọ̀ dáadáa.

Ọ̀gá àgbà dìde. "Rárá sà, kò tọ́ sí mi," ó wí. "Wọ́n ń san án fún mi pé kí n lè ru ẹ̀bi. Ọjọ́ tí ẹ̀bi dé, mo dì í ru ẹlòmíràn." Alága fa ẹ̀wù rẹ̀ lẹ́yìn, ó fà á títí, kò jókòó. Ó sọ ti àwọn adokùnmú. Ó sọ ti ìró tó gbọ́. Kó tó sọ ọ́ tán, àwọn kan ti ń bú u, àwọn kan ti lọ pe ọlọ́pàá. Ọjọ́ yẹn ni iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tí ọlọ́pàá sì mú un. Ẹjọ́ rẹ̀ ṣì wà ní kóòtù bí a ti ń kọ èyí. Ṣùgbọ́n àwọn adokùnmú ti padà sẹ́nu táǹkì.

Nígbà tí wọ́n gba onídùúró rẹ̀, ilé Ìyá Ìbejì ló gbà lọ. Ó bá a níbi tó ti ń lọ aṣọ ilé ìwé àwọn ọmọ rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀, ó jẹ́wọ́. Obìnrin náà gbé áyọ́ọ̀nù sílẹ̀, ó pe àwọn ìbejì wọlé.

"Ẹ tún un sọ," ó wí. "Létí wọn."

Ó tún un sọ. Nínú gbogbo ohun tó ti sọ láyé rẹ̀, kò sí èyí tó le tó o. "Bàbá yín kò ṣàìgbọràn. Ó bẹ̀ wá. Èmi ni mo ṣẹ̀."

Kẹ́hìndé wò ó lójú. "Ṣé kò sẹ́ni tó dá a lóhùn?"

"Kò sí, ọmọ mi."

Ọmọ náà bú sẹ́kún. Ìyá rẹ̀ fà á mọ́ra. "Mi ò tíì lè dárí jì yín," ó wí. "Kí n má purọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n lọ́la, àwọn ọmọ mi á gbórí sókè lọ sílé ìwé. Ẹ máa lọ, sà."

Ìwọ tó ń ka èyí, má sọ pé, "Èmi kì í ṣe ọ̀gá àgbà, owó oṣù mi ò tó nǹkan." Ẹ̀ṣẹ̀ kì í wo ipò. Ta lo di ẹ̀bi rẹ rù? Ọmọ ọ̀dọ̀ ni? Ìyàwó tí o lé jáde? Àbúrò tó ti kú, tó ń jẹ́ olè nínú ẹbí nítorí ohun tí ìwọ mú? O mọ ẹni náà. Orúkọ rẹ̀ ti wá sí ọ lọ́kàn kí o tó ka gbólóhùn yìí dé òpin.

Bí Ọlọ́run bá fún ọ ní ohun tó tọ́ sí ọ, o gbé. Ṣùgbọ́n ohun tí kò tọ́ sí ẹnikẹ́ni nínú wa ni Jésù nawọ́ rẹ̀ sí ọ lónìí, lọ́fẹ̀ẹ́. Má sọ pé ó di ọ̀la. Ọ̀pọ̀ ẹni tó dá ọ̀la fún Ọlọ́run ni ilẹ̀ òní kò ṣú bá.

Ẹni tí o ṣẹ̀ yẹn, bó bá ṣì wà láàyè, dìde lọ bá a lónìí. Ṣùgbọ́n kí o tó dìde, kúnlẹ̀.