Ààwẹ̀ Tí Doyinsọ́lá Gbà Nítorí Ìwọ̀n

Ẹni tó bá rí Doyinsọ́lá lórí ìtàgé lóṣù kẹta á rò pé irin ni wọ́n fi rọ ọ́. Apá rẹ̀ le débi pé bí eṣinṣin bá bà lé e, ẹsẹ̀ eṣinṣin á kán. Ipò kejì ló gbà nínú ìdíje àwọn obìnrin tó ń fi iṣan ara hàn.

Àmọ́ kó tó di oṣù keje, ó ti fi kílò méje sanra sí i. Adémọ́lá tó ń kọ́ ọ ní jíìmù, ilé eré ìmárale, ní Ìkẹ́rẹ́ wo ìwọ̀n, ó figbe ta.

"Haà! Ṣé ìwọ nìkan ló gun nǹkan yìí, àbí o pọn ẹnìkan? Dá oúnjẹ dúró! Funfun ẹyin àti omi, ó parí."

Wàhálà sì ni ìyẹn, nítorí nílé ìyá rẹ̀, ẹni tí kò jẹ iyán kò tíì jẹun. Aláàwẹ̀ nìkan ni wọ́n ń fojú fò. Ni Doyinsọ́lá bá parọ́.

"Mọ́mì, mo wà nínú ààwẹ̀."

"Ọlọ́run á gbà á, ọmọ mi. Ọjọ́ mélòó?"

"Ogójì."

Kí ọjọ́ Ìsinmi tó pé, ìròyìn ti dé ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn obìnrin aládùúrà fi í ṣe aṣáájú. Ẹ̀bẹ̀ àdúrà tí wọ́n kó fún un pọ̀ tó ẹrù ọkọ̀ kòkó.

Lọ́jọ́ kọkàndínlógún, bó ṣe ní kí wọ́n ké halelúyà, gbìì! Ó ṣubú. Gbogbo ìjọ pariwo pé ẹ̀mí ti bà lé e.

"Ẹ̀mí wo?" Nọ́ọ̀sì Mercy fò jáde láàárín ẹgbẹ́ akọrin. "Ebi ni! Ẹ yà, kó ráfẹ́fẹ́!"

Ní ibùdó ìlera, ó bi í léèrè, "Nǹkan oṣù rẹ ńkọ́?"

"Oṣù mẹ́rin, mi ò rí i." Omi bọ́ lójú Doyinsọ́lá. "Ṣé mo ti pàdánù ìdíje ọdún tó ń bọ̀ nìyẹn?"

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Ara orí ìtàgé, ara ọjọ́ kan ni. Lẹ́yìn ìdíje, ara gbọ́dọ̀ sanra padà díẹ̀, kí egungun àti nǹkan oṣù lè bọ̀ sípò. Bó o bá febi pa á, iṣan tó o fẹ́ gbà là gan-an ló máa jẹ. Dókítà á yẹ̀ ọ́ wò. Jẹun dáadáa báyìí. Tó bá ku bí oṣù mẹ́rin sí ìdíje, wàá máa dín oúnjẹ kù díẹ̀díẹ̀."

Ìyá rẹ̀ ti ń gbọ́ lẹ́nu ọ̀nà. "Doyin, Ọlọ́run lo parọ́ fún?"

"Rárá o, Mọ́mì. Ẹ̀yin ni."

"Ó dáa. Uyán ń bẹ nínú odó. Dìde."

Nígbà tí dókítà ní kó padà sí jíìmù, Adémọ́lá fẹsẹ̀ ti ìwọ̀n sí i. "Gùn ún."

"Ẹ̀gbọ́n, mi ò gùn ún." Ohùn rẹ̀ mi páànù òrùlé. "Mo jẹ iyán láàárọ̀, pẹ̀lú ẹja àti ẹ̀fọ́. Màá tún jẹ ẹ́ lọ́la. Mo máa díje lọ́dún tó ń bọ̀, mo sì máa gba ipò kìíní. Bí ẹ bá ṣì fẹ́ kọ́ mi, ẹ lọ bá Nọ́ọ̀sì Mercy, kó kọ́kọ́ kọ́ yín."

Adémọ́lá tẹ̀ ba, ó gbé ìwọ̀n rẹ̀ kúrò nílẹ̀.

Ẹ̀yin obìnrin tó ń fi iṣan díje, sísanra díẹ̀ lẹ́yìn ìdíje kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ẹ jẹ ẹyin, ẹ̀wà, ẹja, ẹ̀fọ́ àti iṣu. Ẹ má lo oògùn tó ń múni tọ̀ tàbí èyí tó ń múni yàgbẹ́ láti fi rù. Bí nǹkan oṣù bá dáwọ́ dúró fún oṣù mẹ́ta, tàbí tí òòyì ń kọ́ yín, ẹ tètè lọ sí ilé ìwòsàn. Ara yín ni. Ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni febi pa á.