Àdéhùn Tó Yà Wọ́n

Ẹ̀rín ló kó bá ọmọbìnrin ògbufọ̀ náà. Aṣojú tí orílẹ̀-èdè kejì rán wá dá àpárá níbi ìpàdé. Kí ògbufọ̀ tó túmọ̀ rẹ̀ fún mínísítà, ẹ̀rín ti bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Gbogbo gbọ̀ngàn yíjú sí i.

Nígbà tí wọ́n jáde, ọkùnrin aṣojú náà tọ̀ ọ́ lọ. "Ìwọ nìkan ni àpárá mi dùn mọ́."

"Kò dùn rárá, ọ̀gá. Bí ẹ ṣe fajú ro nígbà tí ẹ ń dá a ló pa mí lẹ́rìn-ín."

Báyìí ni ìfẹ́ ṣe wọlé.

Iṣẹ́ tó gbé aṣojú náà wá kì í ṣe kékeré. Ó ní ìbáṣọ̀rẹ́ orílẹ̀-èdè méjì tó ń dìbò yan olórí kò gbọdọ̀ dúró lórí ààrẹ méjì. "Ìbò á gbé ààrẹ lọ. Ẹ jẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́, dókítà àti aṣòfin wa máa wọlé-wọ̀de lọ́dọ̀ ara wọn, kí okùn ọ̀rẹ́ wa lè yi." Mínísítà gbà. Ó wá ku kí ilé aṣòfin dìbò lórí àdéhùn náà.

Ìyá ògbufọ̀ kọ̀ jálẹ̀. "Ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí, kí n wá gbé e fún ará òkèèrè?" Ṣùgbọ́n ọkùnrin náà wá kí i, ó ń kọsẹ̀ nínú èdè wọn, ó ń pè é ní "màmá wa." Ara ìyá rọ̀ díẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ìwé ìròyìn gbé àwòrán àwọn méjèèjì jáde, wọ́n di ara wọn lọ́wọ́ mú. Àwọn aṣòfin alátakò fàáké kọ́rí: orí ibùsùn ni wọ́n ti kọ àdéhùn yìí!

"Màá fi iṣẹ́ sílẹ̀," aṣojú wí.

"Wọ́n á ní òótọ́ ni, olólùfẹ́ mi. Bí wọ́n bá tún rí wa pọ̀, lónìí tàbí lọ́dún tó ń bọ̀, wọ́n á fi fa àdéhùn náà ya. Máa lọ."

"A ní kí ará ìlú méjèèjì fẹ́ràn ara wọn. Ṣé àwa nìkan ni kò kàn ni?"

Ọkàn ògbufọ̀ gbọgbẹ́. "Máa lọ, àyànfẹ́. Má wẹ̀yìn."

Lọ́jọ́ ìbò, ẹlòmíì ló jókòó sórí àga aṣojú náà. Àdéhùn náà wọlé, àtẹ́wọ́ ń dún, ògbufọ̀ sì túmọ̀ gbogbo ìkíni ku oríire láìṣì sọ.

Ìyá rẹ̀ ti dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà. "Ṣé wọ́n gbà á?"

"Wọ́n gbà á, màámi."

"Àna mi ńkọ́?"

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ìyá pe ọkùnrin náà bẹ́ẹ̀. Ọmọ ṣubú lé e láyà, ó sunkún bí ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú, ìyá náà sì ń bá a sun ún.