A Kì í Ta Ilé fún Ìyàwó Ilé

Orí òrùlé ni Àrìnpé ti kọ́kọ́ rí i. Ọkùnrin náà fi eyín di okùn mú, koríko gbígbẹ so mọ́ irun rẹ̀ bí ìtẹ́ ẹyẹ, oòrùn ìrọ̀lẹ́ sì ń dán lára ẹ̀yìn rẹ̀ tó làágùn.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Ilé tó wà lábẹ́ ọkùnrin náà ni Àrìnpé bá wá, kì í ṣe òun. Ó ti pẹ́ tí ojú rẹ̀ ti wà lára ilé yẹn: iyàrá mẹ́fà tó yí àgbàlá ká, ògiri amọ̀ tó nípọn, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn tó ṣí sí adágún tí àwọn oníréluwè sé nígbà tí ọkọ̀ ojú irin dé Ọ̀fà. Kò tóbi bí ilé ìjòyè, kò sì kéré bí ahéré. Aláró ni Àrìnpé, omi sì ni ìdajì iṣẹ́ rẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o!" ló ké sókè.

Ọkùnrin náà bojú wolẹ̀. Okùn bọ́ lẹ́nu rẹ̀. "Háà! Ṣé ojú ọ̀run lo ti ọwọ́ bọ̀ ni, tí apá rẹ fi rí báyìí?"

"Aró ni. Ìwọ ńkọ́, ẹyẹ wo ló yé ẹyin sí ọ lórí?"

Ó fọwọ́ kan irun rẹ̀, ó sì bú sẹ́rìn-ín títí àkàbà fi ń mì. Olúṣẹ̀yẹ lorúkọ rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ló kọ́ ilé náà, inú rẹ̀ ni wọ́n sì sin ín sí. Àwọn ẹbí ti sá fún ẹ̀fọn etí omi, wọ́n ti kó lọ sókè ọjà. Òun nìkan ló kù tó ń tún òrùlé ṣe kí wọ́n lè rí ilé tà.

"Èmi ni mo fẹ́ rà á," ni Àrìnpé wí.

"Fún ta?"

"Fún Àrìnpé."

"Ọkọ Àrìnpé ńkọ́?"

"Àrìnpé ni mo pè. Mi ò pe ọkọ kankan mọ́ ọn."

Láti ọjọ́ náà, Àrìnpé kò yé lọ sí etí adágún. Ògiri lòun ń lọ wò, ohun tó ń sọ fún Àbẹ̀ní ìyá rẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ta ní í lé tìróò nítorí ògiri? Olúṣẹ̀yẹ á sun ẹja adágún, á ya ibi tó lẹ́ran jù fún un, wọ́n á jókòó sí ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn, wọ́n á máa bú ara wọn pẹ̀lú ẹ̀rín.

"Aláró mi, màá fẹ́ ọ," ló wí nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan.

Ọkàn Àrìnpé fò sókè, ó sì fi tipátipá mú un jókòó. "Jẹ́ kí n kọ́kọ́ ra ilé ná."

Kò sọ ìdí rẹ̀. Ó ń dun ún jù láti sọ.

Nígbà tó yá, Olúṣẹ̀yẹ mú un lọ bá Bàbá Adétóyè, olórí ẹbí, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀. Bàbá fetí sílẹ̀, ó ń fọwọ́ pa irùngbọ̀n.

"Ọmọ mi, o mọ ọ̀rọ̀ sọ. Ṣùgbọ́n obìnrin ni ọ́. Lọ́la, o lè fẹ́ ọkọ ní ìlú Òjòkú. Ṣé ará Òjòkú ni kó wá máa na ẹsẹ̀ lórí sàréè àbúrò mi?"

Kí Àrìnpé tó dáhùn, ayọ̀ ti ti Olúṣẹ̀yẹ sọ̀rọ̀. "Bàbá, ẹ má fòyà! Èmi ni mo máa fẹ́ ẹ!"

Bàbá pàtẹ́wọ́. "Ó parí! Ìyàwó wa ni! A kì í ta ilé fún ìyàwó ilé. Ìyàwó, máa bọ̀ nílé rẹ, a ò gba kọ́bọ̀!"

Gbogbo ilé hó. Àrìnpé nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó kúnlẹ̀, ó dúpẹ́, ó jáde. Olúṣẹ̀yẹ sáré tẹ̀lé e.

"Wọ́n fún ọ lọ́fẹ̀ẹ́, o tún ń bínú?"

"Ọ̀fẹ́ náà ni wọ́n fún ìyá mi! Lọ́jọ́ tí bàbá mi kú, tí ìyá mi ní òun kò ní jẹ́ kí wọ́n ṣú òun lópó, wọ́n ní kó kó ẹrù rẹ̀. Láti ìgbà náà, igun iyàrá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni àwa méjèèjì ń sùn. Olúṣẹ̀yẹ, mo mọ̀ pé o fẹ́ràn mi. Ṣùgbọ́n ẹnu rẹ ló gba ilé mọ́ mi lọ́wọ́ yẹn."

Àrìnpé kọjá lọ, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, kò sì bojú wẹ̀yìn.

Kò lọ sí etí adágún mọ́. Ó ń po aró rẹ̀, ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé ilé mìíràn wà. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, Bàbá Adétóyè ránṣẹ́ pe òun àti ìyá rẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé, Olúṣẹ̀yẹ ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú àwọn àgbà.

"Bàbá, mo kó ọ̀rọ̀ mi jẹ. Àrìnpé kì í ṣe àfẹ́sọ́nà mi. Àlejò tó fẹ́ ra ilé ni. Ẹ tà á fún un."

"Bó bá rà á tán, tó lóun ò fẹ́ ọ ńkọ́?"

"Á jẹ́ pé mo pàdánù ilé, mo sì pàdánù rẹ̀. Ó sàn fún mi ju kó máa bẹ̀rù nínú ilé mi lọ."

Àbẹ̀ní fi etí ìborùn nu ojú. Àrìnpé kò lè wo Olúṣẹ̀yẹ. Bó bá wò ó, ẹkún á gbà á.

"Sàréè àbúrò mi ńkọ́?" Bàbá bi Àrìnpé.

"Bàbá, ilẹ̀kùn iyàrá tí sàréè wà ò ní tì mọ́ yín láé. Ìgbà yòówù tí ẹ bá fẹ́ wá ṣàdúà, ẹ máa bọ̀. Mi ò ní bi yín pé kí lẹ wá ṣe."

Bàbá wo ọmọkùnrin, ó wo ọmọbìnrin. "Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí! Ẹ fẹ́ra yín tán, ẹ tún ń sẹ́ra yín kí ẹ lè ra ilé. Ó dáa. Èmi náà kúkú ń wá owó páànù."

Wọ́n pe ẹlẹ́rìí, wọ́n pa obì, wọ́n gba owó. Ilé di ti Àrìnpé ọmọ Àbẹ̀ní.

Ó wá yíjú sí Olúṣẹ̀yẹ. "Àlejò ti ra ilé tán. Ọkùnrin yìí, ṣé o ò ní nǹkan kan tí o fẹ́ bi mí?"

"Mo ní," ni Olúṣẹ̀yẹ wí. "Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí."

"Bi mí, ààyò mi. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń dáhùn."

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, ọ̀rọ̀ dojú rú fún àwọn obìnrin ilé. Ìyàwó ni a máa ń sìn wá sílé ọkọ, tí a máa ń fomi wẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Èyí, ìyàwó ti wà nínú ilé; ọkọ ló dúró síta nínú agbádá tuntun, tí kò mọ ibi tí yóò gbà.

Àrìnpé gba igbá omi lọ́wọ́ wọn, ó jáde sí ẹnu ọ̀nà.

"Olúṣẹ̀yẹ, na ẹsẹ̀."

"Èmi?"

"Ìwọ ni àbí ta ni? Ká agbádá sókè kó má baà tutù."

Ẹ̀rín pa Bàbá Adétóyè títí fìlà fi bọ́ lórí rẹ̀. Olúṣẹ̀yẹ ká agbádá sókè, ó na ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó na ti òsì. Àrìnpé rọra da omi sí i, ó fi etí ìró rẹ̀ nù ún gbẹ, ó sì dìde, ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan fún un lẹ́nu ọ̀nà.

"Máa wọlé, ọkọ mi."