Nọ́ńbà Keje

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ di ọwọ́ rẹ̀ mú, kì í ṣe ìfẹ́ ló fà á. Ẹ̀rù ni. Aránṣọ ni mí. Àwọn tó ní omi ò lọ́tàá kò tíì rí mi ni. Bàbá mi ló ní kí èmi àti màmá bá òun wọ ọkọ̀ ojú omi tí èèyàn ń sùn sí fún ọjọ́ mélòó kan, ká lọ wo ẹyẹ àti ìjàpá òkun ní àwọn erékùṣù.

"Ẹ má wo omi, àǹtí," ni afinimọ̀nà ọkọ̀ náà wí. "Ojú mi ni kí ẹ máa wò."

Mo wò ó. N ò sì rí ojú gbé kúrò mọ́.

Ojú-Àwòdì ni gbogbo wọn ń pè é, torí ó máa ń rí ẹranko kí ẹnikẹ́ni tó rí i. Òun náà ló ń ṣọ́ pátákó nọ́ńbà tó wà lẹ́nu ọ̀nà ọkọ̀. Gbogbo wa, títí kan òun, la ní nọ́ńbà níbẹ̀: bí o bá ń lọ sí erékùṣù, o yí i sí pupa, bí o bá padà dé, o yí i sí funfun.

"Kí ẹnikẹ́ni má yí ti ẹlòmíràn o," ló máa ń wí.

Nígbà tó fi di ọjọ́ kẹta, "ayọ̀ mi" ló ń pè mí. Bàbá gbọ́.

"Ọmọ mi kò ní fẹ́ ẹni tó ń ka ẹyẹ jẹun," ni bàbá wí. "Ṣé orí ìgbì lẹ máa kọ́lé sí ni?"

Inú mi bàjẹ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, èmi àti màmá bá ọkọ̀ kékeré àkọ́kọ́ padà láti erékùṣù sínú ọkọ̀ ńlá. Bàbá ní òun á bá ìkejì bọ̀. Màmá yí nọ́ńbà rẹ̀ sí funfun, ló bá yí ti bàbá, nọ́ńbà keje, náà. Ọdún márùndínlógójì ló ti ń bá ọkọ rẹ̀ pa iná, tó ń bá a ti ilẹ̀kùn.

"Ó máa gbàgbé," ló wí. Mo rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí Ojú-Àwòdì kò rí bàbá létí omi ní erékùṣù, ó fi rédíò béèrè nọ́ńbà keje lọ́wọ́ àwọn tó wà nínú ọkọ̀ ńlá. Wọ́n ní ó ti funfun. Ó gbà pé bàbá ti wọlé, òun náà bọ̀, ọkọ̀ ńlá bá gbéra.

Mo gbé tíì lọ sí yàrá bàbá. Bẹ́ẹ̀dì ṣófo. Mo wá gbogbo ọkọ̀. Mo sáré lọ sọ fún Ojú-Àwòdì pé bàbá kò sí níbẹ̀.

Ọkọ̀ yí padà, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ ti dìde, omi sì ti ń bo etí erékùṣù. Ọ̀gá ọkọ̀ ní ọkọ̀ ńlá kò lè sún mọ́ àpáta.

"Màá gbé ọkọ̀ kékeré lọ," ni Ojú-Àwòdì wí. Ó yí nọ́ńbà rẹ̀ sí pupa.

Mo di aṣọ rẹ̀ mú. Bí mo bá ní kó má lọ, bàbá mi ńkọ́? Bí mo bá ní kó lọ, tí omi bá gbé àwọn méjèèjì ńkọ́?

"Ayọ̀ mi, jẹ́ kí n lọ."

Mo fi aṣọ rẹ̀ sílẹ̀.

Màmá jókòó sábẹ́ pátákó, kò lè sunkún. "Ọwọ́ ara mi ni mo fi pa á," ló ń wí ṣáá. Mo gbá a mọ́ra.

Nígbà tí ọkọ̀ kékeré yọ, orí kan ṣoṣo la rí nínú rẹ̀. Màmá figbe ta. Ìgbà tó sún mọ́ wa la tó rí bàbá tó dùbúlẹ̀ sínú ọkọ̀, jákẹ́ẹ̀tì Ojú-Àwòdì lára rẹ̀, tó ń gbọ̀n. Ẹyẹ kan tó ń fún ọmọ rẹ̀ lóúnjẹ lẹ́yìn àpáta ni bàbá ń wò tó fi gbàgbé ara rẹ̀.

Wọ́n gòkè. Bàbá lọ síwájú pátákó, ó yí nọ́ńbà keje sí pupa, ó tún yí i padà sí funfun fúnra rẹ̀. Ojú-Àwòdì náà nawọ́ sí tirẹ̀, ṣùgbọ́n òtútù ti mú kí ìka rẹ̀ kú. Kò lè yí i.

Bàbá bojú wẹ̀yìn wò mí.

"Kí lò ń wò? Bá ọkọ rẹ yí tirẹ̀."

Mo nawọ́, mo sì yí i sí funfun.