Ìlú Tó Kó Lọ Bá Rélùwéè

Lọ́jọ́ tí wọ́n fa ilé ẹjọ́ Sorrel Flat kúrò nílẹ̀, gbogbo ìlú ló jáde. Àwọn ọkùnrin ki ìtì igi bọ abẹ́ rẹ̀, wọ́n so màlúù mọ́ ọn níwájú, ilé pákó ńlá náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ gba àárín koríko gbígbẹ lọ. Ẹ̀yìn òkè ni rélùwéè gbà. Àwọn ará àgbègbè sì ti dìbò pé Tolliver, ìlú tuntun ẹ̀gbẹ́ ojú irin, ni yóò máa jẹ́ olú-ìlú àwọn. Onílé ń fa ilé, oníṣọ́ọ̀bù ń fa ṣọ́ọ̀bù.

Thirza Oldroyd dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé oúnjẹ rẹ̀, níbi tí àwọn èrò kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin ti ń jẹ ẹ̀wà àti ẹran ẹlẹ́dẹ̀. Lemuel, àbúrò ọkọ rẹ̀, da màlúù tirẹ̀ dé.

"Ìyàwó wa, ó ku ilé yín nìkan. Ẹ palẹ̀ àwo yín mọ́ kó má fọ́."

"Mi ò lọ."

"Ta lẹ fẹ́ máa se oúnjẹ fún? Ọ̀kẹ́rẹ́?"

"Ansel ọkọ mi ní òun ń wá àgùntàn lọ sórí òkè, òun ń bọ̀. Tó bá dé tí kò bálé ńkọ́?"

Lemuel wolẹ̀. "Yìnyín ti pa ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀yin náà mọ̀."

"Fi òkú ẹ̀ hàn mí, màá gbà."

Lemuel da màlúù rẹ̀ padà.

Bí Thirza ṣe di ará ìlú kan ṣoṣo nìyẹn. Koríko bo òpópó. Nígbà òtútù, ó máa ń kí ara rẹ̀ káàárọ̀, kí ohùn rẹ̀ má baà gbàgbé ọ̀rọ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá ti ilẹ̀kùn, á dìde. Irun rẹ̀ funfun síbẹ̀.

Nígbà tí yìnyín yọ́ lọ́dún kan, Martzel, darandaran ará Basque láti òkè òkun, gun ìbaaka dé. Ó ṣí fìlà.

"Ìyá, mo rí ẹnìkan nínú pàlàpálá àpáta lókè. Ó ti pẹ́ níbẹ̀. Ìgbànú rẹ̀ rèé."

Thirza mọ ojú abẹ́rẹ́ ara rẹ̀ lára awọ náà. Kò sunkún.

"Jókòó, kí o jẹun ká tó lọ gbé e."

"Ṣé ẹ̀yìn ilé níbí la ó sin ín sí?"

"Rárá. Ó ti dá wà tó. Tolliver, láàárín èèyàn."

Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n gbé egungun náà dé Tolliver, Lemuel ti wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí etí òkun, òun àti gbogbo ará Sorrel Flat tí Thirza mọ̀. Martzel àti agbẹ́sàréè nìkan ló bá a sin ọkọ rẹ̀. Martzel padà sídìí agbo rẹ̀ lórí òkè.

Thirza gba yàrá kan lẹ́yìn ibùdó rélùwéè, ó ń fọṣọ fún àwọn èrò. Ìyá Afọṣọ ni wọ́n ń pè é. Nígbà tóun náà kú, pákó orí sàréè Ansel ti jẹrà, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ pé ó ní ọkọ rí. Apá kejì itẹ́ òkú, níbi tí wọ́n ń sin àlejò sí, ni wọ́n sin ín sí.