Ohùn Tí Mojọlá Ń Wá

Obìnrin tó ń ṣàyẹ̀wò etí ní kí Mojọlá dijú, ṣùgbọ́n Mojọlá kò dì í tán. Ìka obìnrin náà ló ń yọjú wò. Bí ìka bá ti tẹ ẹ̀rọ àyẹ̀wò, òun náà á nawọ́ sókè bí ẹni tó gbọ́ ìró. Kò sì gbọ́ nǹkan kan.

Ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde ilé-ẹ̀kọ́ adití tí Mojọlá ń lọ ní Ìdànrè ló ra ẹ̀rọ tí wọ́n ń fi sétí láti gbọ́rọ̀. Ẹ̀rọ náà kò kárí, àwọn tí etí wọn ṣì ń gbọ́ díẹ̀ nìkan ló sì wúlò fún. Mojọlá mọ̀ pé etí tòun ti kú pátápátá láti ìgbà tí àìsàn yírùnyírùn ti ṣe òun ní kékeré. Kó tó di ìgbà náà, bí wọ́n bá ń fọ́ kókó lóko wọn l'Áládé, ìyá rẹ̀ a máa kọrin ìjọ Aládùúrà. Ó ṣì rántí ọ̀rọ̀ orin náà. Ohùn tó ń kọ ọ́ gan-an ló ti ń sá mọ́ ọn lọ́kàn, á wá a títí, kò ní rí i.

Wọ́n fún un ní ẹ̀rọ. Wọ́n ní kí Rísíkàt, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó máa ń gbọ́ ìró àárá, ṣe sùúrù di ọdún tó ń bọ̀. Rísíkàt kò jà. Ó kàn ń wo ẹ̀rọ náà bí ọmọ tí ebi ń pa ṣe ń wo àwo ẹlòmíràn.

Nígbà tí Mojọlá délé, ìyá rẹ̀ dì mọ́ ọn, ó sì bú sórin. Mojọlá ń wo ẹnu tó ń ṣí tó ń pàdé. Ó gbọ́wọ́ lé ìyá rẹ̀ láyà, àyà náà ń gbọ̀n, ṣùgbọ́n ìró kankan kò wọlé. Ìyá rẹ̀ bọ́ sẹ́yìn rẹ̀, ó pè é, ó tún un pè. Mojọlá kò yíjú. Nígbà tí obìnrin náà padà síwájú, omi ti lé ròrò sí i lójú. Ó tẹ ọ̀rọ̀ sórí fóònù, ó bi í bóyá ẹ̀rọ náà ti bàjẹ́.

Mojọlá ì bá ní bẹ́ẹ̀ ni. Ojú tí Rísíkàt fi wo ẹ̀rọ náà ni kò jẹ́. Ó gba fóònù, òun náà tẹ ọ̀rọ̀ sí i pé:

“Kò bàjẹ́, Màámi. Irọ́ ni mo pa gbà á. Mo fẹ́ gbọ́ ohùn yín ni.”

Lọ́jọ́ Ajé, ìyá rẹ̀ bá a dé ilé-ẹ̀kọ́ láti jẹ́wọ́, kí wọ́n sì dá ẹ̀rọ náà padà. Ọ̀gbẹ́ni Benedict, alága ẹgbẹ́ náà, tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ adití, gba ẹ̀rọ náà, ó fọwọ́ sọ fún Mojọlá pé, “Ìwọ ò rí i lò, o tún fi du ẹni tó lè lò ó.” Lẹ́yìn náà, ó ní kí olùkọ́ bá òun bi ìyá léèrè pé, “Ó ń wá ohùn yín. Ẹ̀yin ńkọ́, ṣé ẹ gbọ́ èdè tirẹ̀?”

Ìyá Mojọlá wolẹ̀. Ọjọ́ náà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé ẹgbẹ́ náà ń kọ́ àwọn òbí ní èdè ọwọ́ lọ́jọ́ Sátidé.

Mojọlá tọrọ àforíjì, síbẹ̀ ó pẹ́ kí Rísíkàt tó tún jókòó tì í. Ọjọ́ tí wọ́n fi ẹ̀rọ náà sétí Rísíkàt, ó rẹ́rìn-ín, ó sì dákẹ́ lójijì, torí pé ó gbọ́ ẹ̀rín ara rẹ̀.

Ìyá Mojọlá ń lọ kọ́ èdè ọwọ́. Ọwọ́ tí àdá ti mú le kò tètè gbà, ṣùgbọ́n ní Sátidé kan, ó dúró níwájú ọmọ rẹ̀, ó fọwọ́ sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ pé, “Àárò rẹ máa ń sọ mí.”

Mojọlá kò rí ohùn ìyá rẹ̀ rántí mọ́. Àárò ohùn náà ṣì ń sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ó ti mọ̀ pé ohun tí òun kò lè lò ni irọ́ gbà fún òun, òtítọ́ ló mú ìyá òun wá bá òun níbi tí òun wà.